Ẹ wo inú ìkòkò kí ẹ tó fèsì: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nílé oúnjẹ Spéìn

Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, mo wà lẹ́yìn báà, mò ń nu ife, ni mo gbọ́ tí àbúrò wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ń sọ fún oníbàárà pé, "Kò sí ẹran nínú rẹ̀ rárá." Kò tíì dé ilé ìdáná béèrè o! Àyà mi já. Mo lọ gba àwo náà, mo bẹ oníbàárà, mo gbé òmíràn fún un, ṣùgbọ́n n kò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Oṣù yìí ló pé ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń gbé oúnjẹ Spéìn fún àwọn èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń fi iṣẹ́ yìí wá owó ilé àti owó ilé-ẹ̀kọ́, ẹ fún mi létí yín.

Àkọ́kọ́, ẹ ṣàlàyé tapas fún oníbàárà kó tó sọ ohun tó fẹ́. Àwo kékeré ni, àjọjẹ ni, èyí tó bá kọ́kọ́ jinná ló ń kọ́kọ́ jáde. Ẹni tí kò bá mọ̀ á máa bínú pé croquetas òun, róbótó díndín kan, ti dé, tortilla ọ̀rẹ́ òun, ìyẹn ẹyin díndín, kò sì tíì dé. Paella, ìrẹsì àwọn ará Valencia ní Spéìn, yàtọ̀ ní tirẹ̀. Ó máa ń gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tètè sọ fún wọn. Ìrẹsì tó gan mọ́ ìdí agbada, tí wọ́n ń pè ní socarrat, ni àwọn ará Valencia fẹ́ràn jù, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní oúnjẹ tó jóná. Ṣé ẹ̀yin náà kò jẹ ìrẹsì ìdí ìkòkò rí lóde ìnáwó ni?

Èkejì, fino ti Jerez àti manzanilla ti Sanlúcar, ọtí wáìnì Spéìn ni àwọn méjèèjì, inú fíríìjì ni kí wọ́n wà. Ẹni tó bá gbé wọn fún oníbàárà ní lílọ́wọ́ọ́rọ́ ti bà wọ́n jẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ àléjì, ìyẹn oúnjẹ tí ara àwọn kan kì í gbà. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2014 ni òfin ti ní kí ilé oúnjẹ lè sọ fún oníbàárà bí èyíkéyìí nínú ohun 14 kan bá wà nínú oúnjẹ rẹ̀: ẹ̀pà, ẹyin, wàrà, ẹja, edé àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Fáìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìgbowó wa. Mo ti há a sórí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo sì ń fi yangàn. Ohun tí n kò rò ni pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kò sí nínú 14 náà, ọtí kò sì sí níbẹ̀. Ẹ lè ka fáìlì yẹn láti òkè délẹ̀, kí ẹ má mọ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ìkòkò. Ibi tí mo ti ṣubú gan-an nìyẹn.

Ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ìyá kan wọlé pẹ̀lú ọmọ wọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè jáde ní yunifásítì. Bí mo ṣe rí ìborùn wọn, tí mo gbọ́ Yorùbá Ìbàdàn lẹ́nu wọn, mo dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn tábìlì.

"Ẹ káàbọ̀, Alhaja."

"Háà, ọkọ mi! Ọmọ wa ló wà níbí!" Wọ́n ti ménù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Èmi ò gbọ́ èdè yìí o. Ohun tó o bá mọ̀ pé Mùsùlùmí lè jẹ ni kó o gbé wá."

Mo yọ jamón, itan ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ gbígbẹ, kúrò, mo yọ chorizo, sọ́séèjì ẹlẹ́dẹ̀, kúrò, mo yọ croquetas tí wọ́n sábà ń fi jamón sí kúrò. Mo tiẹ̀ yọ edé aláàyù, gambas al ajillo, torí alásè wa máa ń ta bùráńdì sí i. Mo mú tortilla, ẹyin àti pòtétò àti àlùbọ́sà lásán, mo sì mú espinacas con garbanzos, oúnjẹ àwọn ará Sevilla: ẹ̀fọ́ tí wọ́n sè mọ́ ẹ̀wà rìbìtì kan, pẹ̀lú aáyù, kúmínì, ata pimentón àti búrẹ́dì díndín tí wọ́n gún. Mo bi alásè léèrè bóyá "carne" wà nínú rẹ̀. Ó ní rárá.

Kò purọ́. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Spéìn, carne ni ẹran tí èèyàn rí nínú àwo. Jamón jẹ́ nǹkan mìíràn sí wọn, ohun tó ń mú ọbẹ̀ dùn ni. Bí ìgbà tí ìyá wa bá da panla àti edé gbígbẹ sínú ẹ̀fọ́ ni, tí wọ́n sì ní àwọn ò tíì fi ẹran sí i.

Alhaja ṣe Bismillahi, wọ́n fi búrẹ́dì kó o. "Ẹ̀fọ́ rírò mà nìyí!" Wọ́n ní kí n gbé òmíràn wá. Mo padà wọ ilé ìdáná, alásè ti ṣíbí bọ inú ìkòkò ẹ̀wà, ó rò ó, eegun itan ẹlẹ́dẹ̀ sì yọrí sókè. Òun ni wọ́n fi ń se ẹ̀wà náà látàárọ̀.

Mo sáré bá mánéjà. Ó ní, "Ó ti jẹ ẹ́ ná. Tó o bá sọ fún un, ariwo ni. Gbé tortilla míì fún un lọ́fẹ̀ẹ́." Mo lọ sọ fún Alhaja pé ẹ̀fọ́ ti tán. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n ki páùn mẹ́wàá bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní Ọlọ́hun á jẹ́ kí n jèrè iṣẹ́ mi. Mo ṣe àmín.

N kò tíì dárí ji mánéjà yẹn títí dòní. Kò yọjú sí ìyá náà, èmi ló rán. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ni irọ́ náà ti jáde, ní Yorùbá.

Lọ́sẹ̀ kejì, Alhaja padà wá pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn mẹ́ta. "Ọkọ mi, gbé ẹ̀fọ́ yẹn wá, mo ti ròyìn ẹ̀ fún wọn." Mo dọ̀bálẹ̀, n kò dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan pé mo ti mọ̀ kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọn kò pariwo. Wọ́n lọ yọ ẹnu wọn nílé ìtọ̀, wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó jáde. Wọ́n ní, "Ká ní òyìnbó ló gbé e fún mi ni, ǹ bá ti béèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Torí pé ọmọ mi ni ọ́ ni mi ò ṣe béèrè." Wọ́n kó àwọn ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n lọ.

Mo bi Alfa kan léèrè. Ó ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ẹni tó jẹ ẹ́ láìmọ̀. Mo bi í nípa ẹni tó mọ̀, ó ní kí n wá wọn lọ bẹ̀. N kò mọ ilé wọn.

Nítorí náà, ẹ má béèrè bóyá ẹran wà nínú oúnjẹ. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi se ẹ̀wà, eegun tó wà nínú omi ọbẹ̀, ohun tó ti kọ́kọ́ wọ inú òróró tí wọ́n fi dín patatas bravas, ìyẹn pòtétò díndín aláta, bóyá ọtí kan oúnjẹ náà, àti ohun tí wọ́n bù lé salmorejo, ọbẹ̀ tòmátì tútù, lórí, torí jamón gígé wẹ́wẹ́ ni. Bí mánéjà bá ní kí ẹ dákẹ́, ẹ ránṣẹ́ sí mi, mà á wá bá oníbàárà náà sọ̀rọ̀ fúnra mi. Ìkòkò ẹ̀wà méjì ló wà níbi tí mo ń ṣiṣẹ́ báyìí, eegun kò gbọdọ̀ wọ ọ̀kan. Ọdún kan gbáko ni mo fi bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó gbà.

Àbúrò mi ti Sátidé, n kò bínú sí ọ. Tó o bá ń bọ̀ lọ́la, tètè dé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, ká jọ ṣí ìdérí ìkòkò kọ̀ọ̀kan.