Ọ̀rọ̀ Ìjọba Kò Kàn Mí

Gbólóhùn kan ni mo gbọ́ nínú ọkọ̀ lónìí, kò sì kúrò létí mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Màmá kan tí wọ́n jókòó níwájú ni wọ́n sọ ọ́ fún awakọ̀, bí ìyẹn ti ń ṣàròyé lórí òfin tuntun: "Ọmọ mi, jẹ́ n sinmi. Ọ̀rọ̀ ìjọba kò kàn mí." Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ń fa bẹ́líìtì kọjá àyà wọn.

Ẹ̀rín pa mí. Bẹ́líìtì yẹn gan-an, ìjọba ni. Ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà ni ó kọ́kọ́ fi òfin sọ dídè é di dandan ní ọdún 1970, kí àwọn mìíràn tó tẹ̀lé e. Lónìí, ọwọ́ wa ti ń dè é kí ọkàn wa tó rántí. Èéfín tí ń gba ojú fèrèsé wọlé náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń po òjé mọ́ epo pẹtiróòlù tí ọkọ̀ ń lò, bẹ́ẹ̀ òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, àfi ìgbà tí àwọn ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í lé e jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan Àlgéríà, tí ó ṣe é gbẹ̀yìn ní oṣù Keje ọdún 2021. Ta ni yóò dúpẹ́ nítorí àrùn tí kò ṣe é?

Síbẹ̀, bí mo ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkàn mi, mo rí i pé ìlara ni mo ń ṣe. Kò kàn wọ́n! Èmi, ó kàn mí. Ìwé kan ni mo ń lọ gbà ní ọ́fíìsì ìjọba. Wọ́n dá mi padà nígbà kẹta, nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú orúkọ mi. Kò sí òfin tí ó ní kí ènìyàn fi òwúrọ̀ mẹ́ta tò sórí ìlà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣòfin kò ro ti ìlà mọ́ ọn. Ẹni tí ń gba owó oṣù lè fara dà á. Alágbàṣe ojúmọ́ ni ìlà náà ń bù jẹ.

Àbí ohun tí màmá ń sọ gan-an nìyẹn? Bóyá àwọn náà ti tò rí, wọ́n ti bẹ̀bẹ̀ rí, ó sú wọn, wọ́n wá fi "kò kàn mí" bo ọgbẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín mi yẹn… Ṣùgbọ́n wọn kò jọ ẹni tí ọgbẹ́ ń dùn. Oorun ni wọ́n sùn títí a fi dé.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ̀kalẹ̀, bẹ́líìtì náà há. Èmi ni mo nawọ́ láti ẹ̀yìn bá wọn tú u. "O ṣé, ọmọ mi," ni wọ́n wí. Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu mi, mo sì gbé e mì.