Ọ̀gá Tí Mo Fowó Mi Rà

Ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, tí à ń gbé yìí, bí òtútù bá ti dé, odò á dì gbagidi, àwọn èèyàn á wá kó àgọ́, àga àti ìwọ̀ lọ sórí rẹ̀, wọ́n á jókòó máa pẹja. Kí yìnyín tó mọ́ gaara nípọn tó íńṣì 4 kí èèyàn tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ohun tí ìjọba sọ nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé kò kàn mí. Ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Kí bàbá òyìnbó àdúgbò wa máa gbé ẹja wá fún wa ní gbogbo ìgbà òtútù, kí èmi ọmọ Ẹ̀pẹ́ máa fi ọwọ́ méjèèjì gbà á bí ẹni ń gba sàráà, ó ti sú mi.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu yìnyín ló kọ́kọ́ gba owó. Auger ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n bó ṣe ń jáde lẹ́nu wọn, ọ̀gá ni etí mi ń gbọ́. Etí ìyàwó mi náà ò gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ tún fẹ́ lọ ra ọ̀gá? Èyí tẹ́ ẹ ní níbi iṣẹ́ ò tó yín ni?"

Ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá pọ̀ ju ọmọ iṣẹ́ lọ. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí wà. Èyí tí wọ́n ń so mọ́ dírílù káfíńtà wà, ó fúyẹ́ gan-an. Oní-bátìrì wà, kì í rú èéfín, àmọ́ òtútù máa ń fa agbára bátìrì gbẹ, àfi kéèyàn máa gbé e sábẹ́ kóòtù bí ọmọ tuntun. Oní-gáàsì náà wà. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ oní-pẹtiróò, tí mo rí okùn tí wọ́n ń fà, tí mo gbọ́ pé wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, ńṣe ni inú mi dùn bí ẹni pàdé ará ilé. Ta ni wọ́n fẹ́ kọ́? Èmi tí mo fi ọdún mẹ́jọ fa jẹnẹrétọ̀ "I better pass my neighbour", tí mo lè po ọ́ìlì mọ́ epo nínú òkùnkùn láìta ẹ̀kán kan sílẹ̀?

Ó wá ku bí ihò ṣe máa fẹ̀ tó. Ọmọkùnrin tó ń tajà ní íńṣì 6 tó fún ẹja wẹ́wẹ́. Ó ní 8 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà, ẹja tí wọ́n ń pè ní walleye á gba ibẹ̀ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ní 10 wà fún àwọn tó ń lé ẹja ràbàtà, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì lágídí.

"Irú ẹja wo lẹ fẹ́ pa, sà?"

Mo ní, "Èyí tó tóbi." Mo gbé 10. Òfin ní ihò ò gbọdọ̀ fẹ̀ ju íńṣì 12 lọ. Ká ní mo rí 12 níbẹ̀ ni, ǹ bá gbé e.

Ó di Sátidé, a kọrí sí adágún omi Mille Lacs. Yìnyín ibẹ̀ ti lé ní íńṣì 20. Kí n tó sọ ọ̀gá kalẹ̀, bàbá òyìnbó ti fi dírílù kékeré rẹ̀ lu ihò mẹ́ta. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo fa okùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbùùù! Bàbá gbé àtàǹpàkò sókè fún mi.

Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ yìnyín. Ọ̀gá ń pariwo, ó ń rú èéfín, ó ń yí, yìnyín ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń bá òun wí. Mo fi àyà tì í. Mo fi ikùn tì í, ikùn tí iyán ti ń kọ́ bọ̀ láti ogún ọdún. Òórùn rọ́bà tó ń jó gba gbogbo ibẹ̀. Bàbá rọra rìn wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó nàka: ìdérí rọ́bà tí wọ́n fi bo abẹ ọ̀gá láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Mo ní mo kàn ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná ni.

A yọ ìdérí. Yéè! Abẹ há mọ́ yìnyín, ọ̀gá dúró, èmi ni mo wá ń yí. Mo ti pòòyì bí egúngún ọdún kí n tó rántí pé bí mo bá tú ìka sílẹ̀, á dákẹ́. Nígbà tó lu já níkẹyìn, omi ru sókè, ihò náà sì ṣe roboto bí ẹnu ìkòkò ìyá olóúnjẹ. Ó wù mí débi pé mo ní àwọn ará Ẹ̀pẹ́ gbọ́dọ̀ rí i lórí WhatsApp. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo gbé fóònù sókè kí èmi àti ihò lè jọ hàn. Mo sún sẹ́yìn díẹ̀. Mo tún sún.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi wọlé, ó lọ títí dé itan.

Ọkùnrin méjì ló fa èmi náà jáde. Ojú ọ̀run lásán ló wà nínú fọ́tò. Inú àgọ́ bàbá ni mo ti lo ìyókù ọjọ́ náà, nídìí hítà rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ mi ń gbẹ lókè bíi pańla. Nígbà tá a fẹ́ máa lọ, ó fún mi ní ẹja méjì. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Mo ti gbé ọ̀gá jáde fún títà. Ẹnì kan pè lánàá, ó bi mí bóyá ihò tó ń lu fẹ̀ dáadáa. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, bàtà nọ́ńbà 12 wọ ibẹ̀ láìha.