Ojú Tí Wọ́n Mọ̀ Ju Orúkọ Lọ

Láti 1978 ni mo ti wà nídìí tíátà, síbẹ̀ kò sí ìwé ìpolówó eré kan tí wọ́n kọ orúkọ mi gàdàgbà sí. Èmi ni balógun tí í dúró lẹ́yìn ọba, èmi ni onílé tí í lé ayálégbé síta, èmi ni dókítà tí í ní kí ẹbí aláìsàn lọ máa gbàdúrà. Bí mo bá wọ ọkọ̀ èrò, wọn a máa wò mí bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó, títí ẹnì kan yóò fi pariwo pé, "Balógun!" Ẹ̀yin òṣèré ẹgbẹ́ mi ni mo kọ èyí fún, nítorí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn ará àdúgbò yín yóò ní kí ẹ wá fi ojú tí ayé mọ̀ yẹn bá àwọn jà. Wọ́n ti bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀ rí, mo sì kọ́kọ́ bà á jẹ́.

Ìtòsí Abẹ́òkúta ni abúlé wa wà, níbi tí àwọn obìnrin ti ń sá láfún sórí àpáta láti ayébáyé. Nígbà tí iléeṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ òkúta lẹ́yìn abúlé, láfún tí wọ́n sá funfun láàárọ̀ a di aláwọ̀ eérú kó tó di ọ̀sán, bí èèyàn bá sì rò ó lọ́kà, yóò máa rún léyín bí iyanrìn. Ògiri ilé wa náà ń sán.

Wọ́n ní kí n ṣáájú lọ sí ìpàdé àkọ́kọ́. Mo gbé agbádá tí mo fi ń ṣe balógun wọ̀ (mo mọ̀, mo mọ̀), mo sì fi òwe lé òwe fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, aṣojú iléeṣẹ́ náà sì pàtẹ́wọ́ jù wọ́n lọ, ó ní kí á jọ ya fọ́tò. Kí n tó délé, fọ́tò náà ti délé ṣáájú mi, ọ̀rọ̀ tó sì bá a rìn ni pé wọ́n ti fi owó dí mi lẹ́nu. Mi ò gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tó ń fi ṣíṣe bí ẹlòmíràn jẹun yóò ṣe búra kí wọ́n gbà á gbọ́?

Lóru ọjọ́ náà ni mo ronú kan Hubert Ògúndé, ọmọ Òsosà, tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ nítorí tíátà. Kì í ṣe pé ó kàn ń bú amúnisìn kiri. Ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò ti 1945 gan-an ló fi ṣeré. Nígbà tí ọlọ́pàá sì yìnbọn pa òṣìṣẹ́ 21 tó ń wa èédú ní Enugu ní 1949, ìbọn yẹn àti owó ọ̀yà tí wọ́n ń jà fún ló gbé sórí ìtàgé lọ́dún kejì. Nǹkan tó ṣojú ẹni tó ń wòran ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Èmi ní láfún nílẹ̀, mo lọ ń pòwe.

Nígbà ìpàdé kejì, bùbá lásán ni mo wọ̀, ìlà kejì ni mo sì jókòó sí. Ojú mi ti kó èrò àti àwọn oníròyìn jọ; iṣẹ́ tirẹ̀ parí síbẹ̀. Ìyá kan tó ti rọ́kà láfún rẹ̀ láti ilé ṣí abọ́, ó gbé ọbẹ̀ ewédú tì í, ó sì kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá iléeṣẹ́ náà: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa jẹ ẹ́." Ọ̀gá náà bu òkèlè, ó sọ ọ́ sẹ́nu, eyín rẹ̀ kan nǹkan, ó sì dúró. Gbogbo wa gbọ́ ọ. Kó tó tó oṣù kan, wọ́n ti ń fomi wọ́n ojú ọ̀nà kí eruku lè rọlẹ̀, wọ́n sì ń kéde ọjọ́ tí wọn yóò fọ́ àpáta kí àwọn obìnrin lè kó láfún wọn wọlé. Ògiri ni wọn ò tíì dá sí títí di òní.

Ẹ kọ ohun tí ẹ ń béèrè sínú ìwé, ẹ má sì jẹ́ kí olóṣèlú kankan ra omi ìpàdé fún yín. Ọ̀rọ̀ owó ló le jù. Ní 1964, lẹ́yìn tí Ògúndé ṣe eré Yorùbá Ronú, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà, ó sì di 1966 kí ìjọba ológun Adékúnlé Fájuyì tó tú u sílẹ̀. Ògúndé ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ tó lè kó lọ sí ìlú mìíràn. Àwa tí a ń dúró kí wọ́n pè wá síbi eré kò ní irú rẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni ẹnikẹ́ni kò fi pè mí, kò sì sí ẹni tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Iṣẹ́ aṣọ rírán ìyàwó mi la jẹ. Ẹ tọ́jú oúnjẹ irú oṣù bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó lanu, kí ẹ sì sọ fún àwọn ará ilé yín, nítorí pé èmi kò sọ fún tèmi.

Ìyá aláfún náà ṣì ń pè mí ní Balógun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ní kó dín owó kù fún mi, ó ní òun ò dín in, kí wọ́n má baà tún sọ pé mo gba nǹkan.