Omi láyà

Láti géètì UI n'Ìbàdàn, mo sáré gba Ọ̀jọ́ọ̀ dé Mọ́níyà láàárọ̀ yìí. Bẹ́líìtì olómi ti sú mi; tí eré bá ti wọra, á máa yọ̀ sísàlẹ̀, ike á máa gbá mi nídìí. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ mú náà ń ro mí léjìká. Fẹ́ẹ̀sì olómi, ẹ̀wù aláìlápá tí wọ́n fi ń gbé omi sáré, ni mo wọ̀ lónìí: ike rírọ̀ méjì láyà, ìdajì lítà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí omi ṣe ń tán ni ike ń sún kì, kò ró gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀ rárá. Ẹnu ọ̀kan ṣáà ń kán tó-tó. Ìyá ẹlẹ́kọ kan l'Ọ́jọ́ọ̀ bá pariwo: "Bọ̀dá, ọmú yín ń jò o!" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. Ní Mọ́níyà, mo feyín ya píọ̀ wọ́tà, mo rọ ọ́ sínú ike. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, ẹ̀kán omi kan ò dà nù.