Àyẹ̀wò Ọdún: Igi Multicast àti Bátìrì Sensọ

Gbogbo iṣẹ́ ìwádìí mi lọ́dún yìí dá lé ìbéèrè kan ṣoṣo: bí ìsọfúnni kan bá ní láti ti orísun kan dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, èyí tí à ń pè ní multicast, ọ̀nà wo ni kí a là fún un tí bátìrì àwọn tó ń gbé e kọjá kò fi ní tètè tán?

Ìpìlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ padà sí. Nínú RFC 1112, ìwé ìlànà Íńtánẹ́ẹ̀tì lórí multicast tí Steve Deering kọ ní 1989, àdírẹ́sì ẹgbẹ́ ni ẹni tó ń ránṣẹ́ máa ń kọ sára ìsọfúnni rẹ̀, láìní láti mọ àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ náà. Lórí wáyà, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ló ní iye tí lílò rẹ̀ ń náni. Àwọn ọ̀nà tó pín bí ẹ̀ka láti orísun dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹgbẹ́ là ń pè ní igi. Wíwá igi tí àpapọ̀ iye rẹ̀ kéré jù lọ, ìyẹn igi Steiner, sì wà lára ìṣòro 21 tí Richard Karp fi hàn ní 1972 pé wọ́n jẹ́ NP-complete, ìyẹn ìṣòro tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ọ̀nà yíyára tó ń yanjú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Láàárín àwọn sensọ aláìlówáyà, ìyẹn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń wọn nǹkan tó sì ń fi rédíò ránṣẹ́, níbi tí mo lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún sí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Rédíò dà bí agogo akéde: bí ó bá dún lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹni tó wà nítòsí ló gbọ́ ọ, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ ni a ń ṣírò iye fún, kì í ṣe ọ̀nà. Èyí ni àwọn olùwádìí Wieselthier, Nguyen àti Ephremides fi kọ́ igi ní 2000. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àlùgọ́rídímù wọn, BIP (Broadcast Incremental Power), ń mú ẹ̀rọ tí àfikún agbára láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kéré jù lọ wọ inú igi, yálà nípa fífi kún agbára ẹni tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí nípa jíjẹ́ kí ẹ̀rọ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, igi tó ń ná agbára tó kéré jù lọ kọ́ ló ń pẹ́ jù lọ. Àwọn sensọ tó sún mọ́ ibi ìkójọ ìsọfúnni ló ń gbé ẹrù tiwọn àti ti àwọn tó wà lẹ́yìn wọn. Bí wọ́n bá kú, àwọn tó jìnnà, tí bátìrì wọn ṣì kún, kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn tó fi sensọ sínú ihò ẹyẹ ní erékùṣù Great Duck Island, ní Maine ní Amẹ́ríkà, ní 2002, ṣe é kí ènìyàn má baà máa da àwọn ẹyẹ láàmú. Ta ni yóò wá máa lọ pààrọ̀ bátìrì níbẹ̀? Lójú tèmi, ìwádìí tó bá ròyìn àpapọ̀ agbára láìsọ ìgbà tí sensọ àkọ́kọ́ kú kò tíì parí.

Trickle, àlùgọ́rídímù tó ń pinnu ìgbà tí sensọ yóò sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí yóò dákẹ́, ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ohun tí mo kà. Bí sensọ bá ti gbọ́ ìsọfúnni kan náà lẹ́nu àwọn aládùúgbò rẹ̀ tó iye tí a fún un, yóò dákẹ́. Bí ohun tuntun bá dé, yóò tún máa sọ̀rọ̀ léraléra. RFC 7731 ti 2016 fi í ṣe multicast láìkọ́ igi rárá. Lọ́dún tó ń bọ̀, mo fẹ́ kí ìwọ̀n bátìrì tó kù máa pinnu sensọ tí yóò kọ́kọ́ dákẹ́, kí n sì fi í wé BIP lórí ọjọ́ tí sensọ àkọ́kọ́ yóò kú.