Ilẹ̀kùn Mẹ́rin Lójúmọ́: Ohun Tí Kẹ̀kẹ́ Kọ́ Mi ní Ìgbèríko Faransé

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbé kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sí ìgbèríko ilẹ̀ Faransé láti wo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, kìlómítà ni mo ń lé. Kí n tó kúrò nílé ní London ni mo ti kọ ọ́ sílẹ̀: kìlómítà 90 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Mo lé e, mo sì bá a. Ìgbà tí mo padà délé tí mo ń wo àwọn fọ́tò mi ni mo rí i pé ìta ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo rí: ilé agogo lọ́ọ̀ọ́kán, ògiri òkúta létí títì, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi níwájú gbogbo wọn. Ẹyọ kan péré ni mo wọ inú rẹ̀, òjò ló sì lé mi wọlé.

Ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Martin ní abúlé Chapaize ni, ní apá gúúsù agbègbè Bourgogne. Abúlé náà kéré, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó igba, àmọ́ ilé agogo tó wà láàárín wọn ga tó mítà 35, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ọ̀rúndún kọkànlá. Mo ti ilẹ̀kùn, omi ń kán lára mi, mo dúró. Àwọn òpó inú rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí apá mi méjèèjì kò lè ká ọ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì fì díẹ̀, bí ẹni tó ti ru ẹrù pẹ́. Ẹrù ni wọ́n rù lóòótọ́. Òkúta ni àjà orí wọn, ó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, ìwúwo rẹ̀ sì ń ti ògiri síta tọ̀sán-tòru. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó kọ́ irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ fi mọ ògiri wọn nípọn, tí wọ́n sì dá fèrèsé kéékèèké sí i; ẹni tó bá la fèrèsé ńlá sára ògiri náà, àjà ló ń pè wálẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé kò pọ̀, àmọ́ ibi tó bá bà sí, ojú kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Mo jókòó títí òjò fi dá, mo tún jókòó lẹ́yìn tó dá. Ní ìjọ tí mo dàgbà sí nílé, ìlù àti orin la fi ń pàdé Ọlọ́run, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ títí dòní. Àmọ́ n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà lè kún inú ilé bí ìlù ṣe ń kún un.

Lẹ́yìn ọdún méjì mo padà lọ, mo sì yí òfin mi padà. N kò ka kìlómítà mọ́. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń kà: ilẹ̀kùn mẹ́rin lójúmọ́, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì gbọ́dọ̀ jókòó nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tí ǹ bá fi ọjọ́ kan àti ààbọ̀ rìn tẹ́lẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rìn ín. Tí ẹ bá fẹ́ dán irú ìrìn yìí wò, agbègbè náà ni mo máa ní kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ kì í fìyà jẹ ẹsẹ̀.

Voie Verte ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà. Ojú irin àtijọ́ ni. Nígbà tí reluwé kò gba ibẹ̀ mọ́, wọ́n ká irin kúrò, wọ́n tún ilẹ̀ rẹ̀ ṣe, wọ́n sì ṣí i fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ní 1997. Láti Givry dé Cluny tó nǹkan bíi kìlómítà 44, mọ́tò kì í sì í gba ibẹ̀. Reluwé kì í lè pọ́n òkè gíga, nítorí náà ọ̀nà tí wọ́n là fún un tẹ́jú. Ẹni tó ti gun kẹ̀kẹ́ kẹ́yìn nígbà èwe rẹ̀ yóò lè gùn ún. Oko àjàrà lẹ ó rí ní Buxy, tí ẹ bá kọjá Saint-Gengoux-le-National, pápá ló kù, pẹ̀lú àwọn màlúù Charolais tó funfun báláú. Reluwé agbègbè tí wọ́n ń pè ní TER, tó ń dúró ní Chalon-sur-Saône, Tournus àti Mâcon gba kẹ̀kẹ́ mi, n kò sì san kọ́bọ̀ lé e.

Cormatin ni ẹ ó ti yà kúrò ní Voie Verte tí ẹ bá ń lọ sí Chapaize. Lẹ́yìn Chapaize ni Brancion, orí òkè ni, ibẹ̀ ni mo ti sọ̀ kalẹ̀ tí mo ń ti kẹ̀kẹ́ mi lọ. Ẹ má tijú àtiti kẹ̀kẹ́ rárá. Ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ló máa ń rí i bí ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Pierre ṣe jókòó sí ṣóńṣó ibẹ̀ tí àfonífojì sì tẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Láti ibẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló pọ̀ jù títí dé Tournus, ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Philibert wà. Àwọn mọ́ńkì tó tẹ ibẹ̀ dó sá fún àwọn Viking, àwọn ajagun orí omi, ní erékùṣù Noirmoutier ní 836, wọ́n gbé òkú Philibert tó dá ilé wọn sílẹ̀ dání, wọ́n ń ṣí láti ibì kan dé ibòmíràn títí wọ́n fi dé Tournus ní 875. Nǹkan bí ogójì ọdún! Àwọn tó gbé e jáde kọ́ ló gbé e débẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti kú sọ́nà, àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn á sì ti gba ẹrù náà. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi ní gbogbo ọjọ́ náà.

Ẹ ó bá ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pàdé. Nígbà àkọ́kọ́, tí mo bá ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn tí kò ṣí, mo ti gun kẹ̀kẹ́ mi lọ nìyẹn. N kò mọ̀ pé látìgbà òfin 1905 tó ya ìjọ sọ́tọ̀ kúrò lára ìjọba, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì abúlé tó ti wà ṣáájú òfin náà, ìlú ló ni wọ́n. Ìlú ló ń tún òrùlé ṣe, kọ́kọ́rọ́ sì sábà máa ń wà ní mairie, ìyẹn ọ́fíìsì olórí ìlú, tàbí lọ́wọ́ aládùúgbò kan. Ẹ wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn dáadáa. Bébà yẹn náà ni yóò sọ ibi tí ìsìn máa wà lọ́jọ́ Àìkú, nítorí àlùfáà kan ló ń bójú tó abúlé púpọ̀, ìsìn sì ń yí láti ọ̀kan dé èkejì.

Ní abúlé kan, mo rí ìyá àgbà kan tó ń bomi rin òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti rẹ̀ mí, mo sì ń kánjú. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn ni mo bi wọ́n pé kọ́kọ́rọ́ ńkọ́. Wọ́n gbé agbè omi wọn sílẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Bonjour.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú tì mí wọra. Èmi ọmọ Yorùbá, tí ìyá mi kò jẹ́ gbà kí n kọjá lára àgbà láìkúnlẹ̀, èmi ni mo dé iwájú arúgbó tí mo ń béèrè nǹkan láìkí wọn! Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: “Bonjour, Madame.” Ojú wọn túká. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n mú jáde gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, àwọn fúnra wọn ló sì bá mi ṣí ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń na ìka sí ibi tí wọ́n jókòó sí lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Níbi gbogbo, ilé búrẹ́dì, ibùdókọ̀, ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ létí oko, ẹ kọ́kọ́ kí wọn. Ìwọ̀nba èdè Faransé tí mo gbọ́ kò dí mi lọ́wọ́ tó àìkíni.

Ẹ ra oúnjẹ láàárọ̀. Láti agogo méjìlá sí agogo méjì ọ̀sán, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù á ti tì, ti ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ Ajé tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi kì í ṣòro: ẹ̀rọ omi máa ń wà ní itẹ́ òkú abúlé. Ara mi kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, bóyá tiyín náà á kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n àyàfi tí wọ́n bá kọ “eau non potable” (omi tí kò ṣeé mu) sí i, omi ẹ̀rọ ìlú lásán ni. Tí ẹ bá wọ títì àárín abúlé, ẹ máa wo ọwọ́ ọ̀tún yín. Ọkọ̀ tó bá ń jáde láti ọ̀tún ló ni ọ̀nà, bí kò bá sí àmì tó sọ ohun mìíràn.

Ìró ańkárá kan wà nínú àpò kẹ̀kẹ́ mi tí n kì í fi sílẹ̀. Mo máa ń ró o lé ṣòkòtò péńpé kí n tó wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ilé àdúrà ni, àwọn kan sì lè wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbàdúrà. Mo ń tẹ́ ẹ jẹun lórí koríko, mo sì ń fi bo èjìká nígbà tí òtútù inú òkúta bá mú mi. Ẹ bọ́ akoto, ẹ wọ bàtà tí kò ní máa ró kọ̀kọ̀kọ̀.

Ní Taizé, ẹ jẹ́ kí agogo àdúrà bá yín níbẹ̀. Brother Roger, tó dá ẹgbẹ́ àwọn mọ́ńkì ibẹ̀ sílẹ̀, dé abúlé náà ní 1940, ó fi àwọn tó ń sá fún ogun pamọ́, títí kan àwọn Júù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ ló ń wá síbẹ̀ lónìí, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni wọ́n sì ń pàdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n ṣí ní 1962. Wọ́n á kọ orin kúkúrú léraléra, lẹ́yìn náà gbogbo wọn á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú púpọ̀. Kí ẹ tó kúrò, ẹ dé ṣọ́ọ̀ṣì kékeré àtijọ́ abúlé náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sin Brother Roger sí.

Cluny ló dùn mí jù. 1088 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn mọ́ńkì ibẹ̀, gígùn rẹ̀ sún mọ́ mítà 190, kò sì sí ṣọ́ọ̀ṣì tó tóbi tó o láàárín àwọn Kristẹni títí wọ́n fi tún ti Pétérù Mímọ́ kọ́ ní Róòmù. Lẹ́yìn Ìyípadà ńlá ilẹ̀ Faransé, nígbà tí àwọn ará ìlú dojú ìjọba ọba bolẹ̀, wọ́n tà á, wọ́n sì ń wó o tà bí òkúta ìkọ́lé. Ohun tó kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Mo rìn láti ibi tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà dé ibi tí pẹpẹ wà, títì àti ilé ni mo ń bá kọjá.

Lẹ́yìn Cluny ni ihò Bois Clair tó la inú òkè, kìlómítà kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Wọ́n ń tì í nígbà òtútù kí àwọn àdán inú rẹ̀ lè sùn, nítorí náà ẹ lọ láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án, kí ẹ sì wọ ẹ̀wù lé ara kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ní ìhà kejì rẹ̀ ni Berzé-la-Ville, níbi tí àwọn mọ́ńkì Cluny ní ilé ìjọsìn kékeré kan sí. Àwòrán tí wọ́n kùn sára ògiri rẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìlá wà lábẹ́ ẹfun títí di 1887. Kristi ńlá jókòó sáàárín àwọn àpọ́sítélì, àwọ̀ búlúù ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń tàn. Irú àwọ̀ tó wà lára ògiri Cluny nígbà náà lọ́hùn-ún ni mo ń wò yẹn, lára ilé tó kéré ju gbọ̀ngàn ìyàwó lọ.

Ilẹ̀kùn kẹrin ọjọ́ kẹrin ni. Mo ti ró ìró mi, mo jókòó sórí àga títí ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó rọra mi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀.