Ìrìnàjò Wa sí Cowes, Níbi Tí Ọmọ Mi Ti Kọ́ Bí Wọ́n Ṣe Ń Tu Ọkọ̀ Onígbòkun

Ọkọ̀ ojú irin la wọ̀ láti Waterloo ní London dé Southampton, a wá bọ́ sínú Red Jet, ọkọ̀ ojú omi tó ń sáré gbérò lọ sí Cowes. Kò pé ìlàjì wákàtí tó fi gbé wa sọdá Solent, omi tó pín erékùṣù Isle of Wight níyà kúrò lára ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti fimú mọ́ gíláàsì fèrèsé látìgbà tá a ti jókòó. Bá a ṣe ń sún mọ́ èbúté, àwọn ọkọ̀ onígbòkun tò sórí omi, wọ́n funfun bí ọ̀wọ́ lékeléke.

Cowes kì í ṣe ìlú ńlá, àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ ìgbòkun, òkìkí rẹ̀ kàn. Láti 1826 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje Cowes Week níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni UKSA wà, ẹgbẹ́ aláàánú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ àti eré orí omi. Tí ilé ìwé bá gba ìsinmi ìgbà ooru, àwọn ọmọ lè wá gbé lọ́dọ̀ wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa sùn, ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa jẹun.

Màmá mi tó wà l'Abẹ́òkúta ò fara mọ́ ọn rárá. Ó ní, "Gbogbo ohun tọ́mọ lè fi ìsinmi kọ́, kò sí èyí tó wù ọ́ àfi omi? Ṣó o mọ ohun tómi ń ṣe ni?" Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà, wọ́n á máa ṣọ́ ọ." Mi ò bá wọn jiyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti ń bọ̀. Èmi tí mo gbé Èkó dàgbà, orí Third Mainland Bridge ni mò ń gbà kọjá, tí mò ń wo ọkọ̀ àwọn oníyanrìn lórí ọ̀sà, àwọn tí wọ́n ta ìgbòkun alábùlẹ̀. Síbẹ̀, ẹ sọ mí sómi tó mu mí dé àyà, ariwo ni màá pa. Àwọn ọmọ Ègùn àti Ìlàjẹ ní Mákòkó ń fi àjẹ̀ tukọ̀ lọ sílé ìwé, àwa tá à ń gbé orí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ò mọ̀wẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ìbẹ̀rù yẹn dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi.

Wọ́n fún un ní aṣọ rọ́bà tó lẹ̀ mọ́ ara, láìfù-jákẹ́ẹ̀tì àti akoto. Ọkọ̀ tí wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ọmọdé ni Optimist, tí Clark Mills, ará Amẹ́ríkà, ṣe ní Florida ní 1947. Kò gùn tó mítà méjì àtààbọ̀. Ìgbòkun kan ló ní, pẹ̀lú okùn tí wọ́n fi ń fà á àti ọ̀pá ìtọ́kọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń jókòó sínú rẹ̀. Olùkọ́ wà nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì nítòsí, àmọ́ kò ní bá a di ọ̀pá yẹn mú.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọ́n ń kọ́ wọn láti mọ̀ọ́mọ̀ dojú ọkọ̀ dé. Mo dúró sétí omi, ọwọ́ mi wà lẹ́nu. Ó fara ti ẹ̀gbẹ́ kan, ìgbòkun sùn lé omi pẹrẹsẹ, ọmọ bọ́ sómi. Orí rẹ̀ yọ. Ó di ọkọ̀ mú, ó wẹ̀ yípo lọ sẹ́yìn, ó gbá pákó tó yọ síta lábẹ́ ọkọ̀ mú, ó gun orí rẹ̀, ó wá fi gbogbo ara rọ̀ sẹ́yìn. Ọkọ̀ ò mì. Ó tún fà á. Ìgbà tó yá, ìgbòkun ya kúrò nínú omi, omi ń dà lára rẹ̀ ṣùrùrù, ọkọ̀ sì dìde gbọnran. Ó fàyà fà wọlé, ó mú ike ìgbọ́nmi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi dànù. Ẹnikẹ́ni ò pariwo mọ́ ọn. Olùkọ́ ní, ó yá, ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lálẹ́, lórí fóònù, ọmọ mi ń ṣàlàyé fún mi pé ọkọ̀ ìgbòkun kan ò lè dojú kọ afẹ́fẹ́ kó lọ tààrà. Ó ní láti gbà á ní kọ́lọkọ̀lọ, apá ọ̀tún díẹ̀, apá òsì díẹ̀, títí tó fi máa débi tó ń lọ. Omi fúnra rẹ̀ tún ń rìn. Ní Southampton, omi òkun á kún, á fà díẹ̀, á tún kún padà kó tó wá fà lọ pátápátá. Ọmọ tó bá gbàgbé wo omi, omi á gbé e lọ síbi tí kò bá a dámọ̀ràn. Mo ti sanwó lẹ́sìnnì ìṣirò àti ti Gẹ̀ẹ́sì fún un, mi ò sì ní dáwọ́ dúró. Àmọ́ mi ò tíì rí ẹ̀kọ́ mìíràn tó jẹ́ pé ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń pinnu ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, tó sì ń rí èsì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, mo wọ ọkọ̀ tí ṣéènì ń fà sọdá odò Medina lọ sí East Cowes, mo lọ wo Osborne, ilé tí Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀ Albert rà ní 1845. Albert ní kí wọ́n kan ilé ìwẹ̀ tó léfòó sétí òkun káwọn ọmọ rẹ̀ lè kọ́ ìwẹ̀dò. Ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní oko kékeré, ó sì ń fi owó ọjà ra ẹ̀fọ́ tí wọ́n bá gbìn.

Àmọ́ Àìná ló gbà mí lọ́kàn níbẹ̀, ọmọ Yorùbá táwọn Òyìnbó pè ní Sarah Forbes Bonetta, tí Ọbabìnrin Victoria gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ní 2020, wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ tí Hannah Uzor yà kọ́ sí ilé yẹn. Àìná ò yan ìrìnàjò tirẹ̀. Wọ́n kó o lẹ́rú, Gezo ọba Dahomey fi í ta ọ̀gá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́rẹ ní 1850, wọ́n sì fi orúkọ ọkọ̀ tó gbé e wá sọ ọ́. Mo dúró wo òkun láti ọgbà yẹn fúngbà pípẹ́.

Ọkọ tí Àìná fẹ́ ní Brighton ní 1862 ni James Pinson Labulo Davies, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sierra Leone. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tukọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń mọ̀nà lórí òkun. Ó wà lọ́dọ̀ wọn nígbà tí wọ́n yìnbọn lu Èkó ní 1851, ohun tó ṣì ń dùn mí láti gbọ́. Lẹ́yìn náà ló di ọ̀gá ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó fi ọkọ̀ ṣòwò, ó sì dá oko kòkó sí Ìjọn. Torí náà, ẹni tó bá sọ fún mi pé eré Òyìnbó lọmọ mi lọ ṣe ní Cowes, Davies ni màá kọ́kọ́ sọ fún un.

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà ní London, ẹ jẹ́ kọ́mọ kọ́kọ́ mọ̀wẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ìrànwọ́ owó wà, ẹ má tijú. Kò di dandan kẹ́ ẹ lọ jìnnà pàápàá: wọ́n ń kọ́ ọmọdé ní ọkọ̀ ìgbòkun ní Millwall Dock, láàárín ìlú. Ibẹ̀ la máa forúkọ tiwa sílẹ̀ sí báyìí, nítorí ọmọ ti ní òun ò lè dúró di ìgbà ooru tó ń bọ̀.